Ọkọ̀ tí Wọ́n Wọ́ Gba Orí Iyanrìn

Ẹ̀yìn ni Ràṣídì kọ sí òkun lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo ń to ẹja ṣáwá sórí ààrò lábẹ́ àtíbàbà wa ní Òkun-Ajah, mo gbójú sókè, mo sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró gan-an níbi tí ọkọ̀ àwọn apẹja máa ń gbà gúnlẹ̀. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan tó wà lórí iyanrìn, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò Iléyá. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ Bàbá Olúsànyà ń gun orí ìgbì bọ̀. Ọkọ̀ tó bá sì ti gun orí ìgbì kò ní bíréèkì.

Ojo ni mí, mi ò ní fi bò. Tí ẹ̀rù bá ba ẹlòmíràn, á dúró sójú kan. Ní tèmi, ara mi ló máa ń sáré ṣáájú mi. Mo ju agbọ̀n ẹja sílẹ̀, mo di ẹ̀yìn ẹ̀wù ọkùnrin náà mú, mo fà á tagbáratagbára. Ẹ̀wù fà ya láti ọrùn dé ìdí. Àwa méjèèjì ṣubú sórí iyanrìn, ọkọ̀ sì gba ibi tó dúró sí kọjá.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" mo pariwo mọ́ ọn. "Ta ló ń kẹ̀yìn sí òkun?"

"Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́." Ó ń mí gúlegúle. "Ọmọ ọ̀sà ni mí, láti Ajah. Ọ̀sà kì í sáré bá èèyàn láti ẹ̀yìn."

"Kí lo wá ń wá lọ́dọ̀ tiwa?"

"Ọkọ̀ òkun ni mo wá wò." Ó kó ẹ̀wù rẹ̀ tó ti di méjì jọ, ó nà án sí mi. "Ṣùgbọ́n ó jọ pé mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa bá mi rán aṣọ."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ni ò jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò ilẹ̀ yìí kúrò lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Kò kàn wá. Mọ́tò wo ló wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà? Iyanrìn ni títì wa, ibi tí kì í bá ṣe iyanrìn, omi ni.

Ajah àti Òkun-Ajah kò jìnnà síra. Ilẹ̀ tóóró kan ló wà láàárín wọn, òkun lọ́wọ́ kan, ọ̀sà lọ́wọ́ kejì. Àmọ́ àwọn ará ọ̀sà gbà pé orí àwa ará òkun ò pé, àwa náà sì máa ń sọ pé inú àwo ọbẹ̀ ni wọ́n ti ń pẹja. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, Ràṣídì á gba orí iyanrìn wá bá mi. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ oríkì mi lẹ́nu ìyá mi, ló bá gbé e jù sẹ́nu: Àníkẹ́ ní òwúrọ̀, Àníkẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí Jímọ̀ bá ku ọ̀la, mi kì í mọ ìgbà tí ẹja ń jóná lórí ààrò.

"Kí ló dé tí ọ̀sà ò tó ẹ?" mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti pín gbogbo ibi tí ẹja wà kí wọ́n tó bí mi," ó ní. "Abẹ́ wọn ni màá wà títí. Àníkẹ́ mi, mo fẹ́ kó o jẹun láti ọwọ́ mi, kì í ṣe láti inú ìkòkò ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀rù òkun ń bà mí, Ràṣídì."

"Ṣebí etí òkun ni wọ́n bí ẹ sí."

"Ìyẹn gan-an ló fà á."

Mo sọ fún un. Apẹja òkun ni bàbá mi, Tàjùdéèn lorúkọ wọn. Mo ṣì kéré lọ́dún tí wọ́n wọ òkun lọ́jọ́ kejì ọdún Ìtúnu, tí a ò rí wọn mọ́. Àjẹ̀ kan ṣoṣo ni òkun dá padà fún wa. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò tẹ iyanrìn etíkun mọ́. Ẹja òkun là ń yan, òun là ń tà, òun ló ń bọ́ wa, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń lọ rà á létí omi. Ààrò ìdí ilé ni Màámi máa ń jókòó sí, wọ́n á kẹ̀yìn sí ariwo ìgbì bí ẹni tí òun pẹ̀lú aládùúgbò kì í sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Ràṣídì wá tọrọ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, Kàsímù, ló mú un wá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé obì kalẹ̀. Màámi fetí sílẹ̀ dáadáa títí wọ́n fi dé orí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun.

"Ọmọ mi kan ṣoṣo rèé," ni Màámi wí. "Mi ò ní kó má lọ́kọ. Àmọ́ èmi ni màá yan ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ tí mi ò bá fọwọ́ sí, Nùsírátù kì í ṣe ìyàwó ẹni tó bá wọ̀ ọ́."

"Màámi, a gbà, a dúpẹ́!" ni Kàsímù wí, inú gbogbo wọn dùn. Èmi nìkan ni inú mi ò dùn. Mo mọ ẹni tó bí mi.

Àwọn ará etíkun gbọ́, oníkálukú tó bá ní ọkọ̀ tó fẹ́ tà ránṣẹ́. Màámi ò ní lọ síbẹ̀, nítorí náà èmi ni ojú wọn.

"Imú rẹ̀ ńkọ́?" wọ́n á bi mí.

"Ó ga, Màámi."

"Atẹ́gùn á máa gbé e káàkiri. Sọ fún un pé rárá."

Òmíràn, imú rẹ̀ ò ga. Wọ́n ní ìgbì á bù ú mu. Wọ́n ní ìkan ti gbó jù. Wọ́n ní ìkejì tuntun jù, a ò mọ ìwà rẹ̀. Ìkan pupa, wọ́n ní àwọ̀ wo nìyẹn fún ohun tó ń lọ sórí omi? Wọ́n kọ ti Bàbá Olúsànyà pẹ̀lú, ọkọ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀ pé kò lábùkù, wọ́n ní ó wúwo. Òjò rọ̀, òjò dá, a ò rí ọkọ̀.

"Àníkẹ́," Ràṣídì wí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, kò rẹ́rìn-ín, "ìyá ẹ kò yan ọkọ̀ kankan. Wọ́n kàn ń dúró de ọjọ́ tí ó máa sú mi ni."

Ẹ̀rù méjì ló dì mí mú. Tó bá rí ọkọ̀, òkun lè gbà á lọ́wọ́ mi. Tí kò bá rí i, àwọn ọmọge wà ní Ajah tí ìyá wọn ò ní yan nǹkan kan.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó ránṣẹ́ pé kí n wá sí èbúté Ajah, ohun kan wà tó fẹ́ fi hàn mí. Mo dé bẹ̀, mo bá ọkọ̀ kan lójú ọ̀sà. Odindi igi ni wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá fi pákó kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè kó lè ga ju ìgbì lọ. Àwọn agbẹ́kọ̀ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ló gbé e wá. Ó léfòó pẹ̀sẹ̀, ìdí rẹ̀ ò gbomi.

"Mo ti rà á," Ràṣídì wí. "Má wo ẹnu mi, wo ọkọ̀ náà. Ìwọ ọmọ òkun, sọ òótọ́."

Mo wọ inú rẹ̀, mo fọwọ́ ra pákó rẹ̀ láti imú dé ìdí. Mo wá àbùkù, mi ò rí. "Ó dára," mo ní. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu mi. "Màámi á bínú."

"Tí wọ́n bá rí i tó léfòó lójú òkun, tí mo gbé ẹja inú rẹ̀ wá kalẹ̀ níwájú wọn, wọ́n á gbà."

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ gbà ń kúrò ní ọ̀sà dé òkun lọ́dọ̀ wa: kí èèyàn wọ́ ọ gba orí iyanrìn. Wọ́n to ìtì igi àgbọn sílẹ̀, wọ́n gbé ọkọ̀ lé e, wọ́n ń tì, wọ́n ń fà, wọ́n ń kọrin. Ìgbà tí oníkálukú bá dé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tó ń wá ran Ràṣídì lọ́wọ́, nítorí náà ó pẹ́. Tí wọ́n bá ti lọ sílé, ọkọ̀ á wà níbẹ̀ lójú ọ̀nà, oòrùn á máa pa á, ọyẹ́ á máa fẹ́ sí i lára. Ọjọ́ ń lọ lórí ọjọ́. Nígbà tó fi máa dé etíkun, gbogbo ìlú ló jáde wá wò ó. Òkun sì rọlẹ̀ bí ó ti máa ń rọlẹ̀ nígbà ọyẹ́.

"Ọ̀la la máa tì í wọ omi," ni Kàsímù wí.

Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti túká, mo yí ọkọ̀ náà po. Oòrùn ń wọ̀, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo bẹjú wo inú rẹ̀, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́, tó gba àárín pákó wọlé.

Mo jókòó sílẹ̀. Pákó tó bá ń mu omi máa ń wú, á fún ara wọn pọ̀. Tó bá gbẹ, á sún kì. Àwa ará òkun mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ lórí ilẹ̀, omi là ń rọ sínú rẹ̀, a ó fi í sílẹ̀ kó mu ún yó kó tó lọ síbì kan. Ọkọ̀ ọ̀sà kì í kúrò lójú omi láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé títí tó fi máa jẹrà. Níbo ni àwọn ará ọ̀sà ti máa mọ̀?

Mo sáré bá Bàbá Olúsànyà. "Bàbá, ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i," wọ́n ní, wọn ò wo ojú mi. "Ìyá ẹ kọ ọkọ̀ mi. Tí mo bá wá tú ìdí ti ẹlòmíràn, wọ́n á ní ìlara ni."

Mo bá Ràṣídì níbi tó ti ń kó àwọ̀n jọ. "Ẹ má tì í lọ́la, jọ̀ọ́. Ó ti gbẹ. Ẹ rọ omi kún inú rẹ̀, kó mu ún fún ọjọ́ mélòó kan ná."

"Ìyá ẹ ló rán ẹ."

"Mo fi Ọlọ́run búra, wọn ò rán mi."

"Ìkan ga, ìkan ò ga, ìkan pupa. Ó wá kan èyí tó gbẹ. Àníkẹ́, ojú ẹ ló ṣe tó léfòó. Ìwọ lo ní ó dára!"

"Ó dára nígbà yẹn!"

"Tó ò bá fẹ́ mi, sọ ọ́ lójú mi, kí n mọ̀." Ó gbé àwọ̀n lé èjìká, ó lọ. Mo fẹ́ bá a jà, mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Mi ò ṣe méjèèjì, mo kàn ń sunkún níbẹ̀.

Mo délé, mo sọ fún Màámi. Mo rò pé wọ́n á ní àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀. Ṣe ni wọ́n yọ igi kúrò nínú ààrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí iná fi kú.

"Bàbá ẹ ò wọ òkun ní gbogbo oṣù ààwẹ̀ ọdún yẹn," wọ́n ní. "Ọkọ̀ wà lórí iyanrìn látìgbà tí wọ́n ti rí oṣù, ìkánjú ò sì jẹ́ kí bàbá ẹ kọ́kọ́ rọ omi sí i. Lọ́jọ́ kejì Ìtúnu, mo gbé oúnjẹ wọn lọ sétí omi. Mo rí ìmọ́lẹ̀ láàárín pákó. Ọwọ́ wọn sì ti wà lára ọkọ̀."

Mi ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé. Lọ́dọ̀ wa, a kì í pe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan ọkọ̀, tó ń wọ òkun lọ. Wọ́n ní ohùn ìyàwó tàbí ti ọmọ á fa ọkàn rẹ̀ padà, òkun á sì mọ̀ pé ó ń ṣiyèméjì. Ṣe ni àwọn obìnrin máa ń pa ẹnu dé, wọ́n á máa wò.

"Ẹ dákẹ́, Màámi?"

"Mo dákẹ́. Mo ní kí n má ṣe fa ibi." Wọ́n nu ọwọ́ sí ìró. "Nùsírátù, mi ò tíì sọ èyí fún ẹnì kankan rí."

Mo bi wọ́n pé kí ni ká ṣe. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi pé àwọn ò mọ nǹkan kan, ó sì dẹ́rù bà mí ju òkun lọ.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, gbogbo ìlú ti wà létí omi. Kí n tó la àárín èrò kọjá, Ràṣídì àti àwọn ọkùnrin tó fẹ́ bá a lọ ti fọwọ́ lé ọkọ̀. Ó rí mi, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò lè pè é. Mo ti ń rí i bí omi ṣe máa wọlé díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti jìnnà, bí wọ́n ṣe máa gbọ́n ọn títí ọwọ́ wọn á fi kú. Ni ara mi bá tún sáré ṣáájú mi. Mo gun ọkọ̀ náà, mo jókòó sí àárín rẹ̀.

"Kí nìyí?" Kàsímù jágbe mọ́ mi. "Obìnrin, sọ̀ kalẹ̀!"

Mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú.

"Àníkẹ́, jọ̀ọ́," Ràṣídì rọra wí, "má dójú tì mí níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí."

"Mi ò pè ẹ́ padà," mo ní. "Mo ń bá ẹ lọ ni. Ibi tó bá bá ẹ, kó bá mi."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbà mí gbọ́, tí kò mọ ibi tó máa gbà. Ẹnikẹ́ni kò tì, ẹnikẹ́ni kò fà. Ìgbà yẹn ni àwọn èrò ẹ̀yìn pínyà, mo sì rí ìyá mi.

Garawa wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá, wọ́n ń lọ sínú omi, Màámi tí kì í wo òkun lójú. Garawa ń dún lọ́wọ́ wọn. Ìgbì kan dé, ó lù wọ́n dé itan, mo pariwo. Wọn ò sá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n pọn omi, wọ́n gbé e wá, wọ́n dà á sínú ọkọ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Wọ́n padà lọ, wọ́n tún pọn ọ́n. Kò sí ẹni tó lè sọ fún wọn pé ó tó.

Kò pẹ́ tí iyanrìn abẹ́ ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Omi ń kán láti ẹ̀gbẹ́, ó ń kán láti imú, ó ń jò bí omi inú ajere.

"Ràṣídì," Màámi wí, "yọ ọwọ́ ẹ kúrò."

Àwọn obìnrin kan kùn pé ìyá mi ti pe orúkọ rẹ̀. Màámi yíjú sí wọn. "Ẹ̀ẹ́n, mo pè é! Ẹni tí mi ò pè ńkọ́, ṣé ó padà wá?"

Ràṣídì ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀, ó yọ ọ́, ó wo omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn tútù níwájú ìyá mi.

"Màámi, ẹ forí jì mí. Àníkẹ́ sọ fún mi. Mi ò gbọ́."

"Dìde. Èmi ni mi ò jẹ́ kó o lè gbọ́. Mo kọ gbogbo ọkọ̀ tó dára, ta ló máa wá gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ òtítọ́?" Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n tẹ pákó rẹ̀ wò. "Igi rẹ̀ dára. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ rọ omi kún un."

Tọkùnrin tobìnrin ló gbé garawa. Bàbá Olúsànyà ló mú òwú àti ọ̀dà wá fúnra wọn, wọ́n ń dí ojú pákó, wọn ò lè gbójú sókè. Ràṣídì gbé mi sọ̀ kalẹ̀, kò sì tètè fi mí sílẹ̀. "Olólùfẹ́ mi," ó wí sí mi létí, "o fẹ́ bá mi kú." Mo ní rárá o, ojo bíi tèmi kì í wá ikú, mo fẹ́ kó wà láàyè ni.

Inú ọjọ́ tí ọkọ̀ ń mu omi ni wọ́n so yìgì wa ní mọ́ṣáláṣí Ajah. Inú mi dùn títí ó fi ń dùn mí láyà. Tí mo bá ti rántí pé ọkọ̀ ń wú, pé ó kù díẹ̀ kó yó, àyà mi á já.

Ọjọ́ náà dé. Mo fi ìka mi tọ gbogbo ojú pákó, mi ò rí ibi tí omi ń gbà. Wọ́n da omi inú rẹ̀ nù, wọ́n tì í. Ìgbì àkọ́kọ́ gbé imú ọkọ̀ sókè tó fi dà bíi pé ó fẹ́ dojú dé, mo di ojú mi. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ pa ẹnu dé, bí a ti máa ń ṣe.

"Ràṣídì o! Padà wá jẹun o!"

Màámi ni. Wọ́n ti wọ omi dé orúnkún, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu. Mo la ojú. Ràṣídì yíjú padà, ó gbọ́. Mo rò pé ẹnì kan á bínú, ṣùgbọ́n Ìyá Mùínàt, tí ọkọ tiwọn wà nínú ọkọ̀ náà, gbé ohùn sókè: "Bàbá Mùínàt o! Ẹ padà wá o!" Òmíràn pe tirẹ̀. Èmi náà pè, mo tún un pè. Ràṣídì gbé àjẹ̀ sókè fún wa, ìgbì kejì dé, wọ́n gùn ún, wọ́n kọjá.

Ọ̀sán ni wọ́n tó gúnlẹ̀. Ẹja wọn ò kún agbọ̀n. Màámi gbé ẹ̀bà síwájú ọkọ mi, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀ láti inú àwo dé ẹnu títí ó fi jẹun tán. Wọ́n kó àwo. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Èmi àti Ràṣídì wà níta, a sì ń gbọ́ ohùn wọn.

"Bàbá Nùsírátù o," ni wọ́n ń wí, "ẹ padà wá. Ẹ padà wá jẹun."